Òṣìṣẹ́ Ni Májísíréètì Náà

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí kóòtù kékeré tí púpọ̀ nínú wa ń sá fún bí ẹni ń sá fún iná. Bí ọlọ́pàá bá kó òṣìṣẹ́ níbi ìwọ́de, tí wọ́n ní ó fẹ́ da ìlú rú, ọ̀dọ̀ májísíréètì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Òun ni yóò sọ bóyá ilé ni ẹni náà yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí àtìmọ́lé.

Agbára ńlá ni òfin gbé lé e lọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ẹsẹ̀ 35, sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú rẹ̀, ní kí májísíréètì máa yẹ téṣàn ọlọ́pàá wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí èyí bá ń lọ bí ó ti yẹ, àwọn tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ kì bá tí pọ̀ ju àwọn tí a ti dá lẹ́bi lọ nínú ẹ̀wọ̀n wa.

Kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá jìnnà kí á tó bá adìẹ wí. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù, ọwọ́ ni májísíréètì fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Lónìí, ọlọ́pàá kò mú fáìlì wá. Lọ́la, ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n kò dé. Ẹjọ́ ìpànìyàn kọjá agbára rẹ̀, síbẹ̀ iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e wá, a ó sì máa retí ìmọ̀ràn àwọn lọ́yà ìjọba.

Owó ńkọ́? Ní January 2021, àwọn májísíréètì kan gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn lọ́wọ́ ní Calabar, nítorí pé fún nǹkan bí ọdún méjì wọn kò rí owó oṣù gbà. Ẹni tí ebi ń pa, tí a ní kó má gba rìbá: irú ìdánwò wo nìyẹn?

Ní 2018 ni wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, pé kí owó kóòtù ìpínlẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn olórí kóòtù. Nígbà tí àwọn gómìnà kò ṣe é, JUSUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, yanṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 6 oṣù April 2021, ó sì lé ní oṣù méjì. Àwa kò ní dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé kì í ṣe gómìnà ni ìyà náà jẹ jù. Àwọn tó wà ní àtìmọ́lé, tí kò sí kóòtù tí wọn yóò gbé wọn lọ, ló jẹ ẹ́. Ọrùn àwọn tó kọ̀ láti pa òfin mọ́ ni ẹ̀bi náà wà.

Ó kan adìẹ wàyí. Májísíréètì tí ó ń fọwọ́ sí ìwé àtìmọ́lé láì béèrè ẹ̀rí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Béèlì tí aláàárù kò lè rí onídùúró fún, ẹ̀wọ̀n ni.

Ohun tí à ń fẹ́ nìyí: kí owó kóòtù máa dé ọ̀dọ̀ kóòtù, kí májísíréètì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé téṣàn lóṣooṣù. Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí wọ́n bá mú ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ẹ má wá ẹni tí ẹ ó fún ní owó ẹ̀yìn. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀, ẹ wá lọ́yà, kí ẹ sì kún inú kóòtù lọ́jọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.