Ìwo Màlúù Tó Borí Dáyámọ́ńdì

Ẹni tó bá fẹ́ ra góòlù, ìwọ̀n ló kọ́kọ́ ń bojú wò. "Gíráàmù mélòó ni?" Ta ló ń béèrè iye òru tí alágbẹ̀dẹ fi jókòó tì í? Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá gbọ́ ìtàn ọkùnrin ará Faransé kan tó dojú ìwọ̀n bolẹ̀.

René Lalique lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1860 ni wọ́n bí i. Ní 1876, bàbá rẹ̀ kú. Lọ́dún náà gan-an ló bọ́ sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Louis Aucoc, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ góòlù ní Paris. Ó kọ́ṣẹ́, ó tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1885, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Láyé ìgbà un, dáyámọ́ńdì lọba. Obìnrin tí tirẹ̀ bá tóbi jù lọ́rùn ló lówó jù, ó parí. Lalique ní rárá o! Kòkòrò tó ń fò lójú odò, ejò, àkùkọ, ọ̀kín, ewé àti òdòdó, àwọn lòun ń wò ṣiṣẹ́. Ìwo màlúù lásán-làsàn ló ń gbẹ́, tó fi ń ṣe òòyà sírun àwọn ìyá olówó! Ó ń lo gíláàsì. Ó ń lo ọ̀dà tí wọ́n ń fi iná sun mọ́ irin, irú èyí tó ń dán lára abọ́ táńganran. Bí dáyámọ́ńdì bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni, òun kọ́ ni ọbẹ̀.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni lámilámi tó ṣe ní nǹkan bí 1897 sí 1898, ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fi sáyà aṣọ. Obìnrin ló yọ orí àti àyà lẹ́nu lámilámi náà, apá rẹ̀ ti di ìyẹ́, èékánná góòlù sì wà nísàlẹ̀. Ìyẹ́ un fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 26 lọ, ó sì ṣeé gbé sókè-sódò. Ó lẹ́wà, ó sì ń dẹ́rù bani.

Nígbà tí gbogbo ayé pàtẹ ọjà ní Paris lọ́dún 1900, ńṣe lèrò ń wọ́ lọ síwájú àtẹ Lalique. Calouste Gulbenkian, olówó epo rọ̀bì, ra èyí tó lé ní 100 nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tí wọ́n kó wọn sí ní Lisbon, lórílẹ̀-èdè Potogí, ni lámilámi náà wà títí dòní.

Ṣùgbọ́n ibi tí oyin bá wà, eṣinṣin ò ní jìnnà. Àwọn tó ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe pọ̀ bí eéṣú, wọ́n ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Ṣé Lalique jókòó sunkún ni? Ó gba ìdí gíláàsì lọ, ó ń ṣe ìgò lọ́fínńdà, òkìkí rẹ̀ sì tún kàn lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún 1945 ló kú.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí nǹkan bá le, wọ́n á yọ góòlù, wọ́n á tú dáyámọ́ńdì tà. Ṣùgbọ́n ta ló lè tú iṣẹ́ ọwọ́ kúrò lára ìwo màlúù kó tà á lọ́tọ̀? Ìyá tó bá ń ná ọ̀ṣọ́ lọ́la, kó wo ìwọ̀n, kó sì wo ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ráhùn pé òun ò rówó ra góòlù, kó bojú wo ẹ̀yìnkùlé. Lámilámi ń fò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbowó ìwòran.