Ta Ni Ó Lè Dá Ilé-Iṣẹ́ Sílẹ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀-ajé nìkan ló lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kó rọ́wọ́ mú. Èmi kò gbà. Ẹ wo olóògbé Olóyè Henry Fajemirokun, ọmọ Ilé-Olújì tí a bí ní 1926. Ó ṣe sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ó sì di aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí ó tó kọjú sí òwò. Kí ni aṣáájú òṣìṣẹ́ ń ṣe bí kò ṣe kí ó bá ọ̀gá dúnàádúrà, kí ó tún pẹ̀tù sí inú àwọn tí ń bínú? Òwò gan-an nìyẹn!

Ìyá mi ń ta aṣọ láwìn. Ó mọ ojú ẹni tí yóò san, ó mọ ojú ẹni tí yóò sá. Èmi akọ̀wé rẹ̀ ńkọ́? Ẹni mẹ́ta ló jẹ mí lówó níhìn-ín. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, ìsọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ, bí ọ̀rẹ́ bá fẹ́, kó fi mí rẹ́rìn-ín.