Nígbà tí Agunkẹ̀kẹ́ Bá Bọ́ Sórí Òjò Dídì

 Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa òjò dídì nínú Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí? Ní ilẹ̀ Sweden, lápá òkè Úróòpù, ó máa ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láti ayébáyé ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá ti ara wọn síwájú. Sìkí ni à ń pè é.

Ìdíje tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Vasaloppet. Ẹ̀bá Sälen ni wọ́n ti ń gbéra, ìlú Mora ni wọ́n ń lọ: 90 kìlómítà gbáko. Nǹkan bí 15,000 ènìyàn ni ó ń kópa nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù kẹta. Ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ọmọ ọlọ́lá kan, Gustav Vasa, ń sá fún ọba Dẹ́nímáàkì. Ó bẹ àwọn ará Mora kí wọ́n bá òun jà, wọn kò gbà, ó bá kọrí sí Nọ́wè. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbọ́ ìwà ìkà ọba náà, wọ́n yí ọkàn padà, wọ́n rán ọkùnrin méjì tí ó mọ sìkí lò tẹ̀lé e, Sälen ni wọ́n sì ti bá a. Ó padà, ó jagun, ó jọba ní 1523. (Òun kan náà ni ó ya Ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ Póòpù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní.) Ní 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré yìí ní ìrántí rẹ̀. Ní 1923 obìnrin kan, Margit Nordin, parí rẹ̀. Ní ọdún kejì wọ́n fòfin de àwọn obìnrin, ó sì di 1981 kí wọ́n tó tú òfin náà ká. Àwa kò rí ìdí tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni agunkẹ̀kẹ́ wá ń wá níbẹ̀? Ní Sweden, ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ yí adágún Vättern ká, ọ̀nà tí ó lé ní 300 kìlómítà, tí ó wẹ odò, tí ó sáré ẹlẹ́sẹ̀ 30 kìlómítà, tí ó sì parí Vasaloppet, gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, yóò gba àmì ẹ̀yẹ. Nítorí náà ọ̀pọ̀ agunkẹ̀kẹ́ ni ó ń so sìkí mọ́ ẹsẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Irú wọn ní èémí, itan wọn le, wọ́n sì mọ̀ pé kí ebi tó pani ni a ti ń jẹun lọ́nà. Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́, ìjókòó ni ó gbé ara. Lórí sìkí, apá, ẹ̀yìn àti ikùn ni ó ń ṣiṣẹ́, àwọn gan-an ni agunkẹ̀kẹ́ kì í kọ́. Kò sì sí bíréèkì! Bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àfi kí ó ya ẹsẹ̀ kí eré lè dín. Ìda tún wà níbẹ̀: wọ́n ń fi ìda pa abẹ́ sìkí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó má bàa yọ̀ padà sẹ́yìn lórí òkè. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, ìda àárọ̀ lè di aláìwúlò lọ́sàn-án.

Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ìdíje sìkí kankan, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń fi í sí. Òkè sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún a há mọ́ra wọn níbẹ̀, ọ̀pá a máa kán, ẹni ẹ̀yìn a dúró bí ẹni tí ó to sẹ́ẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni aago ń lọ. Aago yìí ni ẹ̀rù wà. Ibùdó méje ni ó wà lọ́nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní àkókò ìtìpa. Wọ́n ń bu ọbẹ̀ dídùn gbígbóná kan fúnni níbẹ̀, èso igbó tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí aró ni wọ́n fi sè é, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹni tí ó bá pẹ́ nídìí rẹ̀ yóò bá okùn tí wọ́n nà dí ọ̀nà níbùdó tí ó kàn, bọ́ọ̀sì ni yóò sì gbé e dé Mora, bí itan rẹ̀ tilẹ̀ ṣì lágbára.

Nítorí náà agunkẹ̀kẹ́ tí ó gbọ́n kì í dúró de òjò dídì. Láti ìgbà tí ewé bá ń rẹ̀ ni ó ti ń fi sìkí onítáyà kékeré kọ́ apá rẹ̀ lórí ọ̀dà. Kì í sì í ṣe eré àwọn aláwọ̀ funfun nìkan: ní 2014, Mathilde-Amivi Petitjean, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Tógò, gbé orúkọ Tógò lọ sí ìdíje sìkí Òlíḿpíìkì ní Sochi.

Ní oṣù kẹjọ, kẹ̀kẹ́ náà ní ọjọ́ tirẹ̀ láti Sälen sí Mora, 94 kìlómítà. Ẹni tí okùn dá dúró ní oṣù kẹta lè padà wá gùn ún, pẹ̀lú bíréèkì lọ́wọ́.