Àwọ̀ Lẹ Ń Rà, Ẹ Ò Ra Owó

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ti sọ kíkó owó àtijọ́ jọ di fàájì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn kan nínú, pàápàá àbúrò mi kan ní Houston tó pè mí lóru ọjọ́ Àìkú pé òun ti rí dọ́là fàdákà kan tó pupa, tó tún búlúù bí ìyẹ́ ọ̀kín. Mo ní, "Máàkì rẹ̀ ń kọ́?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi máàkì sílẹ̀ jàre, ẹ wo àwọ̀!" Ó tán! Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wa wà.

Dọ́là tí wọ́n ń pè ní Morgan ni mo ń sọ. Láti 1878 títí dé 1904 ni wọ́n fi rọ ọ́, wọ́n sì tún rọ ọ́ ní 1921. Bí a bá pín irin inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án jẹ́ fàdákà, ọ̀kan jẹ́ bàbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé ọwọ́ ará ọjà rárá. Inú àpò aṣọ tó nípọn ni wọ́n sùn sí nílé ìṣúra ìjọba, ẹgbẹ̀rún kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan, títí àwọn èèyàn fi rọ́ dé ní 1962 sí 1964 tí wọ́n kó wọn lọ. Imí ọjọ́ tó wà nínú aṣọ àpò àti nínú afẹ́fẹ́ ti bá fàdákà náà jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjà yẹn ló bí àwọ̀ òṣùmàrè tí ẹ ń pariwo lé lórí. Ẹ má rò pé aró ni o. Awọ tín-ín-rín kan ló bo ojú owó, tí ìmọ́lẹ̀ wá ń ṣeré lára rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lára epo mọ́tò tó dà sórí omi òjò lójú títì. Bí awọ yẹn bá ṣì fẹ́lẹ́, owó á dà bíi wúrà. Bó bá nípọn díẹ̀, á pupa, á di búlúù. Bí ẹ kò bá sì tọ́jú rẹ̀, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohun tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ san owó gọbọi, ó lè má dúró bí ẹ ṣe rà á.

Máàkì ní tirẹ̀, láti 1 dé 70 ni. William Sheldon ló gbé òṣùwọ̀n yẹn jáde ní 1949 fún sẹ́ǹtì àtijọ́, kí àwọn yòókù tó gbà á lò fún gbogbo owó. Èyí tí wọn kò ná rí bẹ̀rẹ̀ láti 60. Láti ìgbà tí PCGS ti dé ní 1986, tí NGC tẹ̀ lé e ní 1987, wọ́n ń ti owó mọ́ inú ike, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà lé e lórí.

Àwọn alátakò mi á ní èèyàn ló ń fi nọ́ńbà síbẹ̀, èèyàn sì lè ṣì í ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí owó ṣe wu ojú tó wà lára ohun tí àwọn adájọ́ yẹn ń wò kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Àwọ̀ tó dára ti lè ran nọ́ńbà lọ́wọ́ kí owó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ wá tún san owó àwọ̀ lọ́tọ̀! Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sanwó ọjà kan ṣoṣo, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín.

Àwọ̀ á sì tún máa bo àṣírí. Obìnrin kan wà lójú dọ́là náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbòòrò, ibẹ̀ ni àpá máa ń pọ̀ sí nígbà tí owó ń gbá owó nínú àpò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn bá funfun, ẹ óò rí gbogbo àpá. Bó bá pupa, tó búlúù, ojú yín á fò ó.

Ó ti jẹ mí rí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Oníṣòwò kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ta dọ́là 1881 kan tí wọ́n rọ ní San Francisco fún mi, láìsí nínú ike. Ẹni tó bá mọ owó mọ̀ pé irú èyí pọ̀ lọ súà, ó sì máa ń dán dáadáa. Àwọ̀ nìkan ni mo tìtorí ẹ̀ san 700 dọ́là, owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì àtirelé lọ ṣọdún. Mo fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́. Wọ́n dá a padà láìfún un ní nọ́ńbà: wọ́n ní àwọ̀ náà kò dá àwọn lójú. Ìgbà yẹn ni mo tó fi awò wò ó dáadáa. Àwọ̀ tí ọdún mú wá máa ń rọra yí láti etí owó wá sí àárín, ó sì sábà máa ń fẹ́lẹ́ sí i lẹ́bàá lẹ́tà àti àwòrán. Tèmi kàn gba orí lẹ́tà kọjá gbuurugbu bí ẹni da ọ̀dà. Iná àti oògùn ni wọ́n fi ṣe é. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ǹjẹ́ èyí tó funfun wá jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀ bí? Rárá o! Ìyá bàbá mi ní ṣílè onígi-ọ̀pẹ 1913 kan, fàdákà gidi, kí wọ́n tó sọ ọ́ di idẹ ní 1920. Ó ti dúdú tó fi búlúù nínú agolo. Àǹtí mi kan tó fẹ́ràn ìmọ́tótó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́. Ó funfun báláú, ìlà wẹ́wẹ́ sì kún ojú rẹ̀ títí di òní. Àwọn oníṣòwò ń ri dọ́là sínú oògùn bákan náà, kó lè funfun. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dáadáa, ẹ lè rí dúdú tó ṣẹ́kù níbẹ̀, bí oríkèé ìka ẹni tó ń bóra. Nítorí náà, èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó máa sin funfun. Ẹ wo ojú irin ná, ẹ wo dídán rẹ̀ lábẹ́ àtùpà, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹ mọ iye tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò láwọ̀ ń lọ ní máàkì kan náà. Ẹ wá fi díẹ̀ lé e fún àwọ̀, díẹ̀ ni mo wí.

Àbúrò mi ti Houston gbé tirẹ̀ wá ní Sátidé. Inú ike ló wà, 64 ni wọ́n kọ sí i. Ká sọ òótọ́, ó rẹwà, ojú híhun aṣọ àpò ṣì hàn lára àwọ̀ náà. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún lábẹ́ iná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Mo ní kó san owó 64, kó fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lé e, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń bèèrè ìlọ́po márùn-ún. Ó ní òun á rò ó. Títí di àná, kò tíì pè mí.