Oje Funfun Lórí Àpáta Melita

Àwọn tó ń ka Bíbélì ti mọ Melita tipẹ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ sí, ibẹ̀ náà ni paramọ́lẹ̀ ti yọ sí i láti inú igi tó kó jọ fún iná. Malta ni ayé ń pe erékùṣù náà lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ yẹn kò parun. Ó wà lára ewéko kan tí kì í hù fúnra rẹ̀ níbòmíràn láyé: Euphorbia melitensis, ìyẹn Euphorbia ti Melita. Filippo Parlatore, onímọ̀ ewéko ọmọ Ítálì, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òbí tó bá mú ọmọ rìn lórí àpáta Malta yóò bá ẹbí ewéko yìí pàdé, ó sì yẹ kó dá wọn mọ̀ nítorí oje wọn. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka kan, oje funfun bíi wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Àwa náà mọ irú ẹ̀. Orò tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilẹ̀ ká nílé wa, Euphorbia ni. Gbágùúdá àti lápálàpá jẹ́ ìbátan wọn. Bí oje náà bá kan awọ ara, ó lè yún tàbí kó lé ròrò. Bí ó bá ta sí ọmọ lójú, ẹ má dúró wò ó: omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣan ojú náà fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kódà bí ẹkún bá ti dá, torí ó lè le sí i lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Tengħud ni àwọn ará Malta ń pè wọ́n. Èyí tó ga, Euphorbia dendroides, ni tengħud tas-siġra, ìyẹn ti igi. Ẹni tó bá lọ ilé-kéú á gbọ́ ṣajara nínú siġra, nítorí ara èdè Lárúbáwá ni èdè wọn ti ṣẹ̀. Ti Melita, èyí tó kúrú, ni tengħud tax-xagħri, ti ilẹ̀ olókùúta. Mo fẹ́ràn orúkọ méjèèjì yìí ju ti Látìn lọ.

Ti igi lè ga tó mítà 2, orí rẹ̀ sì rí roboto bí agboòrùn. Ti Melita kì í sábà kọjá orúnkún. Ó ṣù pọ̀ bíi tìmùtìmù, ẹ̀ka òdòdó rẹ̀ àtijọ́ á gbẹ sára rẹ̀, á wá dà bí ẹ̀gún. Àmọ́ igi tó ṣì kéré lè tan yín jẹ, nítorí náà èso ni kí ẹ wò. Èso àwọn méjèèjì pín sí mẹ́ta. Ti igi ń dán. Ti Melita ní kókó kéékèèké lára bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ojú ni kí ẹ fi wò ó o, kì í ṣe ọwọ́.

Inú oko àti ọgbà ni ẹ ó ti rí àwọn kéékèèké tí kì í lò tó ọdún. Euphorbia helioscopia máa ń ya sí 5 lórí, etí ewé rẹ̀ sì rí bí eyín ayùn wẹ́wẹ́ níbi ṣóńṣó. Euphorbia peplus máa ń ya sí 3, etí ewé tirẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi kámẹ́rà fóònù fa ìdí òdòdó súnmọ́, níbi tí omi dídùn ti ń sun fún kòkòrò: ti peplus ní ìwo méjì bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ti helioscopia rí bí ẹyin.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ti igi máa ń dẹ́rù ba àlejò. Tó bá di nǹkan bí oṣù Karùn-ún, ewé rẹ̀ á pọ́n bí iná, á sì wọ́ tán. Ẹni tó ń wá igi ìdáná lè rò pé ó ti kú. Kò kú, oje ṣì wà nínú ẹ̀ka rẹ̀. Ìgbà ooru ni ọ̀gbẹlẹ̀ tiwọn, bí àràbà wa sì ṣe ń wọ́wé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni òun náà ń ṣe. Òjò àkọ́rọ̀ ni yóò tún mú un rúwé.