Dókítà àti Olùkọ́: Owó Ta Ló Pọ̀ Jù?

Láìpẹ́ yìí ni tọkọtaya kan mú ọmọbìnrin wọn wá sọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ olùkọ́ ló wu ọmọ náà. Bàbá ní dókítà ni yóò ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò ní san owó ilé-ìwé. Ó ní, "Pásítọ̀, èló ni wọ́n ń san fún tíṣà?" Ọmọ ń sunkún, ìyá dákẹ́.

A kò bínú sí bàbá yìí. Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun jẹun kánú? Òótọ́ ni pé owó dókítà ju ti olùkọ́ lọ ní ilẹ̀ wa. Ìjọba àpapọ̀ ní ètò owó-oṣù ọ̀tọ̀ fún àwọn dókítà, èyí tí wọ́n ń pè ní CONMESS. Bẹ́ẹ̀ sì ni olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni púpọ̀ wà tí owó wọn kò tó ₦70,000 tí òfin 2024 là sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ dókítà ní yunifásítì, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Lẹ́yìn náà ni ọdún 1 fún housemanship, àti ọdún 1 fún iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Ẹni tó gba NCE ní ọdún 3 lè ti máa gbowó kí ìyẹn tó jáde. Òfin 2022 tún gba olùkọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ di ẹni ọdún 65, tàbí kó lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ní ti dókítà, títí di òpin ọdún 2021, ₦5,000 péré lóṣù ni owó ewu rẹ̀, àrùn kò sì mọ dókítà yàtọ̀.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, bí ara yín kò bá yá lóru, ṣé dókítà tí wọ́n fi ipá mú ṣe é lẹ fẹ́ bá pàdé ní ọsibítù?

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí bàbá mú ọmọ lọ bá dókítà kan àti olùkọ́ kan nínú ìjọ. Kí wọ́n béèrè iye tó ń wọlé, iye tó ń ṣẹ́kù ní ìparí oṣù, àti iye oorun tí wọ́n ń rí sùn. Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá náà kò tíì fún wa lésì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lọ, òun ló gbé báàgì ọmọ náà.