‘Bàjẹ́’ Nìkan Kò Tó

Àríwá Èkìtì jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n odò tí a sé ní Ìtàpájì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ti di adágún tí ọkọ̀ lè rìn lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ọkọ̀ onípákó àlòkù tí a ti pa tì létí irú omi bẹ́ẹ̀, tí ìwé ìtọ́ni sì ní kí ó wo ibi tí ó bàjẹ́, kí ni yóò wò?

Pákó a máa jẹrà, ikán a máa jẹ ẹ́, ìṣó inú rẹ̀ a sì máa dípẹtà. Olú tín-ín-tín ni ó ń mú igi jẹrà, kò sì lè hù láìsí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́. Nítorí náà, omi òjò tí ó dúró sínú ọkọ̀ léwu púpọ̀. Ọ̀dà tuntun lè bo ìjẹrà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀bẹ bá wọ pákó wẹ́rẹ́, àṣírí tú. Àlàfo tí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣí sílẹ̀ láàárín pákó méjì yàtọ̀: ó lè padé bí pákó bá mumi. Igi tí ó jẹrà kì í le mọ́.

Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè kọ ọkọ̀ rere sílẹ̀, tàbí kí ó ra èyí tí yóò rì í. Kí àwọn atúmọ̀ tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó léèrè. Ìjẹrà, ìpẹtà, àlàfo: kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀.